Àgbéyẹ̀wò Ilé Ìtọ́jú Ọpọlọ Àdúgbò kan ní Ìbàdàn: Ẹ̀kọ́ Àwọn Ẹbí ló Yẹ Kí Ẹ Torí Rẹ̀ Lọ

Bí ẹnikẹ́ni tí ó ní aláìsàn ọpọlọ nílé bá bi mí bóyá ilé ìtọ́jú àdúgbò tí èmi àti àwọn ará ilé mi ń lọ ní apá Mọ́kọ́lá tó ohun tí ènìyàn ń ná owó àti àkókò lé lórí, èsì mi ni pé ó tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ síbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fúnni kò yàtọ̀ sí èyí tí a lè rí gbà ní ilé ìwòsàn ìjọba, dókítà wọn kì í sì í wá lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ẹbí aláìsàn ni mo lè tìtorí rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ kejì, tí wọ́n ṣètò fún àwọn tí iṣẹ́ wọn máa ń mú wọn pàdé aláìsàn: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé, àti àwọn tí ń ta oògùn ní kẹ́míìsì. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ọmọ àbúrò mi sì ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, jókòó sí ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ọ̀kan yanrantí, èkejì kù díẹ̀ káàtó.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ibẹ̀ pamọ́. Àwọn tí a jọ ń jókòó níbẹ̀ kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tí wọ́n ń wá ṣe, ilé náà kò sì tóbi débi tí ẹni tí ó bá mọ orúkọ rẹ̀ kò fi ní mọ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Nítorí náà, ẹni tí ohun tí mo kọ yìí yóò wúlò fún jù ni ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí òun wò, àti ohun tí ó yẹ kí òun bèèrè, kí òun tó fi orúkọ aláìsàn sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí ẹnì kan nínú ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà láì kúrò láàárín ènìyàn. Lambo yìí kan náà ni ó wá di olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní Ìbàdàn ní 1963, tí ó sì di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ ṣe ìwádìí ńlá lórí schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tí ó lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ìbàdàn wà lára ibùdó 9 tí wọ́n lò, pẹ̀lú London, Moscow, Washington àti àwọn ìlú mìíràn, ohun tí ó sì ya àwọn olùwádìí lẹ́nu ni pé ara àwọn aláìsàn Ìbàdàn yá ju ti àwọn aláìsàn tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ìlú tí ó lówó jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹbí wà lára ohun tí wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Pẹ̀lú gbogbo ìtàn yìí náà, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ṣe láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 péré ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà. Àyè tí ó ṣófo yìí ni irú ilé ìtọ́jú kékeré bẹ́ẹ̀ ń gbìyànjú láti dí.

Ilé tí kò ní òkè ni. Wọ́n sọ ọ̀ọ̀dẹ̀ di ibi ìdúródè, wọ́n fi pákó pín yàrá ńlá kan sí méjì fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀, wọ́n ń kó oògùn sí yàrá kékeré kan, wọ́n sì fi páànù bo ẹ̀yìnkùlé fún kíláàsì. Kò sí pátákó ńlá lẹ́nu ọ̀nà, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú máíkírà lójú títì lè wọlé bí ẹni tí ó wá kí ènìyàn. Owó káàdì wọn kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán ènìyàn méjì ní búkà lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì yóò bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, yóò bá ẹbí sọ̀rọ̀ láìsí aláìsàn níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò pe gbogbo wọn pọ̀. Ètò yìí gba àkókò, àwọn kan sì ń ráhùn, ṣùgbọ́n mi ò ráhùn ní tèmi, nítorí ohun tí ọmọ wa sọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ó ti ń sọ nílé. Wọ́n máa ń bèèrè ibi tí a ti kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ, wọn kò sì fi ìbéèrè náà bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ti ti ilé àdúrà bọ̀ sọ ọ́, ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ onísègùn bọ̀ sọ ọ́, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì.

Àbùkù tí ó hàn jù ní apá ibí yìí ni pákó tí ó pín yàrá náà sí méjì. Kò dé àjà. Ẹni tí ó bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ yóò máa gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ nípa ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. Wọ́n ń tan rédíò kékeré kan sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kí ohùn má baà jáde, rédíò náà sì ń ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ tí bátìrì rẹ̀ sì tán, ìtìjú a bá gbogbo ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ àṣírí jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kò yẹ kí ó jẹ́ rédíò ni wọn yóò gbójú lé.

Oògùn wọn ni àwọn tí ó wọ́pọ̀: haloperidol, risperidone àti olanzapine fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, carbamazepine fún àwọn tí wárápá ń ṣe, àti abẹ́rẹ́ fluphenazine tí ènìyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí gbígbé oògùn mì lójoojúmọ́ bá ń sú. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni olanzapine ti máa ń tán níbẹ̀, tí wọn yóò sì kọ ìwé fúnni kí a lọ rà á níta, ní iye tí ẹni tí ń ta ata ní Òjé kò lè máa san lóṣooṣù. Wọn kò tíì ń gba káàdì ìlera ìjọba. Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀, nítorí wọn kì í sọ ọ́ fúnra wọn. Ohun tí ó dára níbẹ̀ tí owó kò tíì bà jẹ́ ni àbẹ̀wò sí ilé. Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá wo aláìsàn tí kò bá wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kì í wọ aṣọ funfun wá, kì í sì í gbé ọkọ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí lára wá. Nígbà tí ó wá sí ilé àbúrò mi, omi ni ó kọ́kọ́ bèèrè, ó kí àwọn àgbà ilé, ó bèèrè ọjà lọ́wọ́ ìyàwó ilé, ó sì ti rí gbogbo ohun tí ó fẹ́ rí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni ó wá ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ẹ̀kọ́ àwọn ẹbí. Mátírọ́nì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ó ń darí rẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni, àwọn tí ń jókòó sí i kì í tó ogún, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ìyá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò kọ́ wa ní ohunkóhun. Ó ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó ń rí nílé rẹ̀. Ìyá kan pa á lówe pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ó sì dákẹ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá rò pé àṣejù ni ìtìjú yẹn yẹ kí ó mọ ohun tí ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 láti inú àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá sọ: nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè, ìdá 82.7 nínú 100 ni ó sọ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀ lásán, ìdá 16.9 péré ni ó sì sọ pé àwọn lè rò ó láti fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí mọ iye yẹn láìka ìwé. Àwọn ọmọbìnrin wọn tí ara wọn le ni àna ń kọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó mú ìjà wá jù ni èyí tí ó dá lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni George Brown, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ti ń ṣàkíyèsí pé aláìsàn tí ó bá padà sí ilé tí wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú nígbà gbogbo, tí wọ́n ń kórìíra rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ṣọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, máa ń tètè padà sí ilé ìwòsàn ju ẹni tí ilé rẹ̀ tutù lọ, ìwádìí ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mátírọ́nì kò dárúkọ London rárá. Ó ní kí ìyá méjì bọ́ síwájú, kí ọ̀kan ṣe ọmọ, kí èkejì ṣe ìyá tí ó fẹ́ kí ọmọ dìde lórí ibùsùn. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí ó ṣe ìyá ni pé, “Ṣé o ò rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ ni? Wọ́n ti ń kọ́lé!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ilé tí wọn kì í ti í sọ ọ́. Mátírọ́nì wá bi ẹni tí ó ṣe ọmọ pé kí ni ó fẹ́ ṣe lẹ́yìn tí ó gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó ní òun fẹ́ fi aṣọ borí. Wọ́n tún un ṣe, ìyá náà sì sọ pé, “Dìde wá bá mi gbá iwájú ilé kí oòrùn tó mú.” Ohun kan ṣoṣo, tí ó ṣeé ṣe, tí kò sí orúkọ ẹgbẹ́ kankan nínú rẹ̀.

Bàbá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ wá bínú. Ó ní, “Mátírọ́nì, ṣé ẹ ń sọ pé a ò gbọdọ̀ bá ọmọ wa wí mọ́ ni?” Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ bá a wí, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má bá a wí nítorí ohun tí àìsàn ṣe. Bí kò bá wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àìsàn ni. Bí ó bá mú owó yín láì tọrọ, ẹ bá a wí bí ẹ ṣe ń bá àwọn yòókù wí.” Ìdáhùn náà dára, ó sì mú ara bàbá náà rọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ààlà náà kò fi gbogbo ìgbà hàn tó bẹ́ẹ̀: ọmọ tí ó mú owó lè jẹ́ ohùn tí òun nìkan ń gbọ́ ni ó rán an níṣẹ́. Ó wù mí kí wọ́n fi ọjọ́ kan gbáko sí ibi tí ó ṣókùnkùn yìí, dípò kí wọ́n fi ìdáhùn dídùn kan rékọjá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó dá lé wàhálà tí oògùn máa ń fà nìkan tó owó tí a san. Haloperidol àti àwọn oògùn bíi tirẹ̀ lè mú kí ọrùn aláìsàn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, kí ahọ́n rẹ̀ le, kí ojú rẹ̀ yí sókè, pàápàá láàárín àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé èpè ni tàbí pé ayé ti dé sí i. Nínú àwọn tí a jọ jókòó, ó lé ní ẹnì kan tí ó sọ pé nígbà tí òun rí ọrùn ọmọ òun báyìí, ilé àdúrà ni òun sá lọ, tí òun sì da oògùn tí ó kù nù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé oògùn wà tí ń tú u, ọ̀kan lára wọn ni èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Artane, bí wọ́n bá sì gún un ní abẹ́rẹ́ èyí tí ó bá a mu ní ilé ìwòsàn, ọrùn náà lè tú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n tún sọ nípa ọwọ́ gbígbọ̀n, itọ́ tí ń dà, ẹsẹ̀ tí kò lè dúró sójú kan, àti sísanra tí olanzapine máa ń fà, tí ó sì yẹ kí wọ́n máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò nítorí rẹ̀. Kò sí dókítà kan tí ó sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi ní àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù kan.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ nípa àmì tí ó ń sọ fún ará ilé pé àìsàn fẹ́ gbérí padà. Oorun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dín kù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oorun, ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọ̀kan a máa gbálẹ̀ láàárín òru, òmíràn a máa fi aṣọ rẹ̀ tọrẹ, òmíràn kò ní kí ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní kí a kọ àmì mẹ́ta tí a mọ̀ mọ́ ẹni tiwa sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà nọ́ọ̀sì, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó bá wa yan àwọn àmì náà nígbà tí orí rẹ̀ wà nílé, kí ó má baà dà bí ẹni pé à ń ṣọ́ olè. Ọmọ wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀, ó sì fi ọ̀kan kún un tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wòlíì àti onísègùn kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyá kan béèrè gbangba pé, “Ṣé kí n má gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá wa ní ìjọ mọ́ ni?” Mátírọ́nì ní kí ó gbé e lọ bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, kí wọ́n má fi ààwẹ̀ tì í, kí wọ́n má sì gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn yìí kì í ṣe ti ẹni tí ń wá ojú rere lásán. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní 2020, dán an wò kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé máa tọ àwọn aláìsàn lọ sí ilé àwọn onísègùn àti àwọn wòlíì tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì jọ máa ṣe ìtọ́jú náà pọ̀, ara àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí sì yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé ilé ìtọ́jú tí mo ń sọ yìí kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ bá wòlíì kankan. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Mátírọ́nì, kò tíì dé ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ó bí mi nínú jù. Lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi èdè Yorùbá tí ó dán mọ́rán kọ́ wa, èdè Òyìnbó ni ìwé tí a ń gbé lọ sílé, ó sì hàn gbangba pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Àwòrán ìdílé Òyìnbó kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú tẹ 988. Nọ́ńbà yẹn wúlò fún àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń lò ó láti 2022. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ní òru kò ní rí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n fi bírò fa ìlà lé nọ́ńbà náà lórí, wọ́n sì kọ ti nọ́ọ̀sì sí i. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé tuntun ni ó yẹ kí wọ́n tẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ igbó, tramadol àti àwọn oògùn olóró mìíràn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ilé ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ níbẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, ṣe, tí èsì rẹ̀ kan ọdún 2018, fi hàn pé ìdá 14.4 nínú 100 àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ní Nàìjíríà ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ìhà tiwa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó sì ga jù, ìdá 22.4. Pẹ̀lú èyí, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìkìlọ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti wọnú rẹ̀ tán kò nílò ìkìlọ̀ mọ́. Ẹ wá ibi mìíràn fún ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ní orúkọ ńlá, òun ni ó wọ́n jù, òun náà ni ó ní sátífíkéètì. Ètò mhGAP tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2008 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: bí ẹni tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ ṣe lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wárápá àti ìlòkulò ọtí mọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí agbára rẹ̀ ká, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ènìyàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìpìlẹ̀ náà dára. Bí wọ́n ṣe kọ́lé lé e lórí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èdè Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, olùkọ́ni ń ka ohun tí ó wà lára ògiri fún wa, ó sì ń sáré. Ó kọ́ wa ní ìbéèrè 9 tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, tí a fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kò sì kọ́ wa bí a ṣe máa bi ìyá àgbà tí ó wá láti Ìdíkàn. Ìyá àgbà kì í wá sọ pé inú òun kò dùn sí ohunkóhun mọ́. Ohun tí yóò sọ ni pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn òun lára, pé àyà òun ń já, pé oorun kò wá. Òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé kan tí a jọ jókòó sọ fún mi pé irú àwọn wọ̀nyí ni òun ń rí lójoojúmọ́, oògùn ibà sì ni òun ń fún wọn. Wákàtí kan lórí èyí ìbá ti wúlò fún un ju gbogbo àwòrán ọpọlọ tí wọ́n fi hàn wá lọ. Ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó darí ibùdó ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Yunifásítì rẹ̀ kò yẹ kí ó wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń wo ọmọ tí ó dákẹ́ ní kíláàsì tì.

Ibi kan wà nínú rẹ̀ tí mo gbóríyìn fún wọn. Wọ́n kọ́ wa láti bi ọmọ tí a bá fura sí ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í gbin èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn, pé ara a máa tu ọ̀pọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá béèrè. Wọ́n ní kí a má fi òun nìkan sílẹ̀, kí a pe ẹni tí ó fọkàn tán nílé, kí wọ́n kó oògùn kòkòrò àti oògùn tí ó wà nílé síbi tí ọwọ́ kò ti ní tètè tó o. A fi ara wa dánra wò ní méjì méjì. Ó ṣòro láti sọ gbólóhùn yẹn jáde lẹ́nu ní Yorùbá, ohùn ọ̀pọ̀ wa gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a fi dánra wò.

Ní ti òfin, olùkọ́ni náà ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òfin Lunacy ti 1958, òfin àtijọ́ lórí ọ̀rọ̀ wèrè, ni ó ṣì wà. Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, òfin tí ó rọ́pò ti àtijọ́, tí ó sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn àti ìlànà tí ó gbọdọ̀ wà kí wọ́n tó lè dá ènìyàn dúró sí ilé ìwòsàn láìfẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ni náà kò tún sọ ohunkóhun nípa abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún, tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù abala yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí sọ fún dókítà pé ṣe ni ọmọ wọn ṣèèṣì mu májèlé. Ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti kọ́ wọn gbọdọ̀ mọ òfin tí wọn yóò bá ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ́ ẹbí, ẹ lọ. Ẹ bèèrè bóyá èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ni, bóyá wọ́n ń wá sí ilé, oògùn wo ni ó sábà máa ń tán lọ́wọ́ wọn, àti ibi tí ẹ óò ti máa bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò ní gbọ́. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí ni ẹ ń wá, ẹ óò rí i gbà. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ni, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ jókòó sí ti àwọn ẹbí náà, wọn kì í lé ènìyàn. Bí aláìsàn yín kò bá jẹun, kò mu omi, tàbí tí ó ń halẹ̀ láti pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá tí ó bá súnmọ́ yín, kí ẹ tó máa ronú nípa kíláàsì.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ṣì ni ìṣòro tí ó kù. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò aláìsàn, tí wọn yóò jogún ìtọ́jú náà bí àwọn ìyá wọ̀nyí bá darúgbó, wà ní ọ́fíìsì àti ní ọjà ní àkókò tí kíláàsì ń lọ. A ti kọ lẹ́tà sí wọn nípa rẹ̀, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò fi kíláàsì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kún un. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, kò tíì bẹ̀rẹ̀.